Bí Ìjì Òjò Dídì Bá Ń Bọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kó Tó Dé, Nígbà Tó Bá Dé, àti Lẹ́yìn Tó Bá Lọ

Gbogbo ìgbà tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú gan-an ni ìbéèrè kan náà máa ń wọlé sọ́dọ̀ mi: "Wọ́n ní ìjì òjò dídì ń bọ̀ lọ́la. Kí ni ká ṣe?" Àwọn tí kò tíì lo ọdún méjì níbi tí òjò dídì ti ń rọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè. Àwọn kan ti pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ iná ò tíì kú mọ́ wọn lórí fún ọjọ́ mẹ́ta rí. Nítorí yín ni mo ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó ń ká mi lára jù. Òtútù nìkan kọ́ ló ń pa èèyàn nígbà ìjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a fi ń sá fún òtútù ló ń pani: jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sínú gáréèjì, èédú tí a dá sínú yàrá, mọ́tò tí a gbé jáde lọ́jọ́ tó yẹ ká jókòó sílé, ṣọ́bìrì tí ọkàn ẹni ò lágbára láti tì. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Òjò dídì ni mò ń pe èyí tó funfun, tó ń já wálẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Yìnyín ni mò ń pe omi tó ti dì gbagidi sórí ilẹ̀ tàbí ojú títì.

## Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìkìlọ̀ ń sọ

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ máa ń lò. Tí wọ́n bá ní "watch", ó túmọ̀ sí pé ìjì lè wá, ẹ lọ múra. Tí wọ́n bá ní "warning", ìjì ti dé tàbí ó ti sún mọ́lé, àsìkò àtijáde lọ ra nǹkan ti ń kọjá. Tí wọ́n bá wá pè é ní "blizzard", ìyẹn ni pé atẹ́gùn á máa fẹ́ tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn ò ní lè ríran tó mítà 400, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 3. Nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀, èèyàn lè sọnù láàárín ilé rẹ̀ àti ibi tó gbé mọ́tò rẹ̀ sí.

Ẹ má sì wo iye tí wọ́n ní òtútù jẹ́ nìkan, ẹ béèrè iye tó máa jẹ́ lára tí atẹ́gùn bá kún un. Atẹ́gùn a máa gbá ooru kúrò lára. Tí òtútù àti atẹ́gùn pọ̀ débi pé ó dà bíi −28°C lára, awọ tí aṣọ ò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 30.

## Kó tó dé: ohun tí ẹ máa ṣe, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

Bí àyè bá wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Tó bá jẹ́ wákàtí díẹ̀ ló kù, ẹ mú 1, 3, 4 àti 6 ṣe ná.

1. Omi. Lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 3 ó kéré tán. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin máa nílò lítà 48. Ẹ pọn sínú kẹ́ẹ̀gì àti ìkòkò tí ẹ ti fọ̀ mọ́. Èyí tí ẹ máa dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ pọn ọ́n sọ́tọ̀.

2. Oúnjẹ. Èyí tí ẹ lè jẹ láìdáná ni kí ẹ wá: oúnjẹ inú agolo, bisikíìtì, ẹ̀pà, èso gbígbẹ, wàrà oníyẹ̀fun. Ẹ mú ohun tí a fi ń ṣí agolo, kì í ṣe èyí tó ń lo iná. Ilé tó ní ọmọ ọwọ́, ẹ má gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ àti ìlédìí.

3. Oògùn. Oògùn tí ẹ̀ ń lò lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ẹni tó ń lo insulin, ìyẹn oògùn àtọ̀gbẹ tí a ń gún lábẹ́rẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó dì. Insulin tó bá ti dì rí kò ṣeé lò mọ́, kódà tó bá ti yọ́ padà tó sì rí bákan náà lójú. Bí ẹnì kan bá ń lo ẹ̀rọ atẹ́gùn tàbí ẹ̀rọ ìwòsàn mìíràn tó ń lo iná, ẹ pe dókítà rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ iná ṣáájú ìjì, kí ẹ sì ti mọ ilé ẹni tí ẹ máa gbé e lọ.

4. Ìmọ́lẹ̀ àti fóònù. Tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bátìrì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gba iná sí gbogbo fóònù àti power bank báyìí, kì í ṣe nígbà tí iná bá ti ń ṣẹ́jú. Rédíò oníbátìrì dára púpọ̀, torí íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ pẹ̀lú iná.

5. Yàrá kan. Ẹ yan yàrá kan tí gbogbo ilé máa kó sí tí iná bá kú. Kékeré ló dára, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ kó kúbùsù, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà sínú rẹ̀.

6. Aláàmù. Ẹ tẹ bọ́tìnì aláàmù iná àti ti gáàsì carbon monoxide, kí ẹ gbọ́ pé wọ́n ń ké. Ẹ pààrọ̀ bátìrì wọn. Bí ẹ ò bá ní ti carbon monoxide, ẹ ra a kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

7. Mọ́tò. Ẹ rọ epo kún táǹkì. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ igi àti lẹ́bàá títì tí ọkọ̀ tó ń ro òjò dídì máa gbà.

8. Ẹni tó máa béèrè yín. Ẹ bá ẹnì kan tó wà ní àdúgbò mìíràn ṣe àdéhùn pé ẹ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Tí kò bá gbọ́ yín, kó mọ ẹni tó máa pè. Ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì sórí ìwé: 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 999 ní Ìlú Ọba, 112 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù.

Nípa àbẹ́là: mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì kì í ṣubú kó jó ilé, àbẹ́là máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àbẹ́là nìkan ló wà, ẹ gbé e sínú àwo tó ní omi díẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ sì pa á kí oorun tó gbé yín lọ.

## Jẹnẹrétọ̀, èédú, àti gáàsì tí imú kì í gbọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ jẹnẹrétọ̀ láti kékeré, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù rẹ̀ kì í fi í bà wá mọ́. Níbi tí fèrèsé ti ń ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án lóru tí atẹ́gùn sì ń gba inú ilé kọjá, ewu rẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ìgbà òtútù, wọ́n dí gbogbo ihò rẹ̀ pa kí ooru má bàa jáde. Ohun tí kì í jẹ́ kí ooru jáde náà ni kì í jẹ́ kí gáàsì jáde.

Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta imú. Ẹ lè má rí èéfín kankan kó sì ti kún yàrá. Tí ẹ bá fà á símú, ó máa gba ipò atẹ́gùn oxygen nínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì máa kú fún àìrí atẹ́gùn gidi bí ẹ tilẹ̀ ń mí. Ẹni tó bá bá lójú oorun lè má jí mọ́.

Ohun tó ń gbé e jáde ni gbogbo ohun tó ń jó: jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì mọ́tò, èédú, sítóòfù kẹrosíìnì, ààrò gáàsì, igi inú ibi ìdáná tí èéfín rẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà jáde.

Nítorí náà:

- Ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Kó jìnnà tó mítà 6 ó kéré tán sí ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ihò atẹ́gùn gbogbo, tiyín àti ti aládùúgbò. Ẹnu sálẹ́ńsà rẹ̀ kó kọ ẹ̀yìn sí ilé.
- Kò gbọ́dọ̀ wọ gáréèjì, kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, kò gbọ́dọ̀ wọ bákónì. "Mo ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀" kò tó. "Mo ṣí fèrèsé díẹ̀" náà kò tó.
- Ẹ má kí okùn iná jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Iná yẹn máa gba wáyà padà sí ìta, ó sì lè pa òṣìṣẹ́ tó ń tún iná ṣe lórí òpó. Ẹ fi okùn tó nípọn so ohun tí ẹ fẹ́ lò mọ́ ọn tààrà.
- Ẹ paná rẹ̀, kó tutù, kí ẹ tó rọ epo sí i.
- Ẹ má fi èédú yáná nínú ilé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Àdògán àti ààrò ìyan-ẹran, ìta ni wọ́n.
- Ẹ má ṣí ẹnu ààrò gáàsì sílẹ̀ láti fi mú ilé móoru.
- Ẹ má fi mọ́tò sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì kó lè "gbóná ná".

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé móoru sábà máa ń ní páìpù tó yọ sára ògiri níta, ibẹ̀ ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde. Tí òjò dídì bá gun ara ògiri bò ó, èéfín á padà sínú ilé. Ẹ wá ibi tó wà kí ìjì tó dé. Tí ìjì bá dáwọ́ díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tàbí ìgbálẹ̀ ro ibẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àmì rẹ̀: ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì, àárẹ̀, kí nǹkan máa dà rú lójú. Ó jọ ibà òtútù, òun ló fi ń tan èèyàn jẹ. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń fúyẹ́ tí wọ́n bá jáde síta, ẹ má pè é ní ibà.

Ohun tí ẹ máa ṣe: gbogbo èèyàn jáde lẹ́sẹ̀ kan náà, kódà nínú òtútù. Ìta ni kí ẹ ti pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ má padà wọlé lọ mú kóòtù tàbí fóònù, títí àwọn panápaná fi máa ní ó ti yá.

## Tí iná bá kú

Ẹ kó gbogbo ilé sínú yàrá tí ẹ ti yàn. Ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ ká aṣọ tàbí tówẹ̀lì sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ fi kúbùsù bo fèrèsé lálẹ́. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá yọ, ẹ ká kúbùsù kúrò lójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ẹ sùn sún mọ́ra. Ẹ dé fìlà sùn.

Hítà oníná, nígbà tí iná bá padà dé: kó jìnnà tó mítà 1 sí kọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti ìwé. Ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ni kí ẹ kì í bọ̀, kì í ṣe ara ẹsitẹ́ńṣọ̀n, torí okùn yẹn lè gbóná títí yóò fi gbiná. Ẹ má sùn kó máa ṣiṣẹ́.

Fíríìjì tí a kò ṣí máa pa oúnjẹ mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí 4. Fírísà tó kún máa gbé e tó wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Ẹ má máa ṣí i wò.

Ẹ yọ okùn tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà kúrò lára iná kí agbára iná tó padà dé má bàa bà wọ́n jẹ́. Gílóòbù kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sílẹ̀, òun ló máa sọ fún yín pé iná ti dé.

Tí ilé bá ń tutù sí i tí ẹ sì ti rí i pé apá yín ò ká a mọ́, ẹ pe ìjọba ìbílẹ̀ tàbí nọ́ńbà pàjáwìrì, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ṣí fún aráàlú láti yáná. Ẹ má tijú. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó jáde.

## Páìpù omi

Omi tó bá dì máa ń wú, wíwú yẹn ló ń bẹ́ páìpù. Nígbà tí yìnyín inú rẹ̀ bá yọ́ ni ẹ máa wá rí omi tó ń ya gba inú ilé.

1. Kó tó dé, ẹ wá ibi tí a ti ń ti omi gbogbo ilé pa, kí ẹ sì gbìyànjú rẹ̀ wò. Kí gbogbo àgbà inú ilé mọ̀ ọ́n.
2. Lálẹ́ tí òtútù bá le, ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ omi máa kán tótó, pàápàá èyí tí páìpù rẹ̀ gba ara ògiri ìta. Omi tó ń rìn kì í tètè dì.
3. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì kí ooru yàrá lè dé ara páìpù. Kẹ́míkà tó wà níbẹ̀, ẹ kó o kúrò níbi tí ọmọdé lè dé.
4. Ẹ má jẹ́ kí ooru ilé wálẹ̀ ju 13°C, bí ẹ bá tilẹ̀ ń rìnrìn àjò.

Tí omi ò bá sun mọ́, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun tàbí aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, láti apá ẹnu ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn. Ẹ má fi iná sí i lára. Bí páìpù bá ti bẹ́, ẹ ti omi gbogbo ilé pa kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

## Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ jáde

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má jáde. Tó bá di dandan, ẹ wọ aṣọ ní ìpele-ìpele. Èyí tó kan ara kó jẹ́ aṣọ tí kì í mu òógùn sára. Òwú ń mu omi, omi náà á sì máa fa ooru ara yín. Mo jáde lọ ro òjò dídì pẹ̀lú ṣòkòtò òwú nígbà kan, mo là á kọjá, àmọ́ itan mi kú tipiri fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Lé e ni aṣọ onírun tàbí súwẹ́tà, kóòtù tí atẹ́gùn àti omi ò lè gba inú rẹ̀ kọjá ni kó gbẹ̀yìn. Ìbọ̀wọ́ tí ìka kó pọ̀ sójú kan nínú rẹ̀ móoru ju èyí tó ya ìka sọ́tọ̀. Ẹ bo etí, ẹ bo imú àti ẹnu.

Lórí yìnyín, ẹ rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ: ìṣísẹ̀ kékeré, àtẹ́lẹsẹ̀ pẹrẹsẹ, ọwọ́ kúrò nínú àpò kó lè dì yín mú bí ẹ bá yọ̀. Iyọ̀ máa ń yọ́ yìnyín, àmọ́ tí òtútù bá ti kọjá nǹkan bíi −9°C, iyọ̀ lásán ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ da yanrìn sí i kí bàtà lè rí nǹkan dì mú.

### Ríro òjò dídì

Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru, ọkàn á sì máa ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá fi iṣẹ́ apá tó lágbára kún un. Bí ọkàn ṣe ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà ẹnu ilé nìyẹn. Ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹni tó ti pẹ́ tó ti ṣe iṣẹ́ agbára gbẹ̀yìn, ẹ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá máa ṣe é: kó kọ́kọ́ na ara nínú ilé, kó máa tì í, kì í ṣe kó máa gbé e, tó bá gbọ́dọ̀ gbé e, kó má bu kún ṣọ́bìrì, kó sì tẹ orúnkún dípò ẹ̀yìn, kó sinmi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó má ṣe é lórí oúnjẹ àjẹyó. Tí àyà bá ń dùn ún, tí ìrora bá ń gba apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí kò lè mí dáadáa, kó jù ú sílẹ̀, kí wọ́n pe pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ má gun òrùlé. Wáyà iná tó bá já sílẹ̀, ẹ jìnnà sí i tó mítà 10, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò sí iná lára rẹ̀.

## Bí mọ́tò bá há sínú òjò dídì

Lójú ọ̀nà, ẹ rọra. Afárá máa ń dì kí títì tó dì, torí atẹ́gùn ń gba òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú títì dúdú tó ń dán bí ẹni pé ó kàn tutù lè jẹ́ yìnyín. Tí táyà bá yọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kí ẹ yí sítíárìn síbi tí ẹ fẹ́ kí mọ́tò kọjú sí. Ẹ má jágbà á.

Ohun tó yẹ kó wà nínú mọ́tò ní gbogbo ìgbà òtútù:

- kúbùsù méjì, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ
- ṣọ́bìrì kékeré àti ohun tí a fi ń ha gíláàsì
- yanrìn díẹ̀ nínú àpò, tí ẹ máa dà sábẹ́ táyà
- tọ́ọ̀ṣì, omi, ohun jíjẹ, okùn tí a fi ń gba iná fóònù
- wáyà tí a fi ń yá iná bátìrì mọ́tò
- aṣọ pupa tàbí aláwọ̀ tó ń tàn

Tó bá há, tí kò sì lè lọ mọ́:

1. Ẹ dúró sínú rẹ̀. Èyí ni èèyàn ń ṣì ṣe jù, ó sì ti gba ẹ̀mí. Mọ́tò rọrùn láti rí ju èèyàn lọ, ó sì ń dènà atẹ́gùn. Àyàfi tí ẹ bá rí ilé tí ẹ dá lójú pé èèyàn wà nínú rẹ̀, tó sì wà nítòsí gan-an, ẹ má jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́. Nínú ìjì, ibi tó jìnnà máa ń dà bí ẹni pé ó wà nítòsí.
2. Ẹ pe pàjáwìrì, ẹ sọ ibi tí ẹ wà, iye yín, àti ipò tí ara yín wà. Lẹ́yìn náà ẹ dín iná fóònù kù, kí ẹ fi í sínú àpò tó sún mọ́ ara. Òtútù máa ń tètè pa bátìrì.
3. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìta mọ́tò, sókè.
4. Ẹ lọ wo ẹnu sálẹ́ńsà. Ẹ ro òjò dídì kúrò níbẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣe èyí ní gbogbo ìgbà kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí ibẹ̀ bá dí, inú mọ́tò ni carbon monoxide máa padà sí.
5. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kan, kí ẹ tan hítà, kí ẹ sì ṣí fèrèsé kan ní ìwọ̀n ìka kan, ní apá tí atẹ́gùn ò ti fẹ́ wá. Ẹ wá paná rẹ̀. Epo á pẹ́ lọ́wọ́ yín.
6. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, ẹ tan iná inú mọ́tò kí àwọn tó ń wá yín lè rí yín.
7. Ẹ máa mi apá àti ẹsẹ̀, ẹ máa pàtẹ́wọ́. Ẹ fi gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀ bora, títí kan kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ mọ́tò àti ìwé ìròyìn.
8. Tí ẹ bá ju ẹyọ kan lọ, kí ẹnì kan máa jí nígbà tí èkejì bá ń sùn.

Ẹ má jẹ òjò dídì bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín. Ara yín ló máa fi ooru rẹ̀ yọ́ ọ. Ẹ yọ́ ọ kí ẹ tó mu ún.

## Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé òtútù ti wọ ènìyàn lára

Ara tó dá ṣáṣá máa ń wà ní nǹkan bíi 37°C. Tó bá ti wálẹ̀ ju 35°C lọ, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní hypothermia ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn sì ni. Ẹni náà á máa gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ò ní lè di nǹkan mú, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí, oorun á máa kùn ún. Ẹni tó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ṣì ń jà. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró tí ara ò sì tíì móoru, ẹ yára.

Ẹ pe pàjáwìrì. Ẹ gbé e wọlé, ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀. Àárín ara ni kí ẹ kọ́kọ́ mú móoru: àyà, ọrùn, orí, abẹ́ ikùn. Ẹ fi kúbùsù gbígbẹ wé e, kí ẹnì kan sùn tì í. Bó bá mọ ara rẹ̀ tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ohun mímu tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má fún un ní ọtí: ọtí máa jẹ́ kó rò pé ara òun ti móoru, bẹ́ẹ̀ ooru ló ń sá jáde lára rẹ̀. Ẹ má rì í sínú omi gbígbóná, ẹ má ra apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ti kí òtútù jẹ ìka, imú, etí tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń pè ní frostbite: ìwé púpọ̀ máa ń sọ pé awọ á pọ́n, lẹ́yìn náà á funfun. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí ẹ lè rí ni pé awọ ibẹ̀ á ṣá, á dà bí eérú, á le, á sì máa dán bí ìda. Nítorí náà ẹ má gbára lé ojú, ẹ fọwọ́ kàn án. Tí ẹni náà kò bá mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun, tàbí tó ní "kò dùn mí mọ́", ẹ̀rù ni kó bà yín, ẹ má dúpẹ́.

Ẹ ki ibẹ̀ bọ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tí ara rẹ̀ pé lè gbà láìlẹ́kún. Ẹ má fi iná yá a, ẹ má fi hítà sún mọ́ ọn, torí kò ní mọ̀ pé ó ń jó. Ẹ má ra á. Kó má fi ẹsẹ̀ tó ti dì rìn bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Tó bá ṣeé ṣe kí ibẹ̀ tún dì kó tó dé ilé ìwòsàn, ẹ má tíì yọ́ ọ: dídì lẹ́ẹ̀kejì máa ń bà á jẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

## Àwọn ọmọ àti àwọn àgbà

Ọmọ ọwọ́ kì í lè gbọ̀n dáadáa bí àgbà, ara rẹ̀ sì ń tètè tutù. Tó bá kàn dákẹ́ tí kò lókun, tí ara rẹ̀ sì tutù, ẹ má rò pé oorun lásán ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má kó kúbùsù lé e lórí lójú oorun, ẹ wọ aṣọ fún un ní ìpele-ìpele. Nínú ìjókòó ọmọ inú mọ́tò, ẹ bọ́ kóòtù tó wú kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ so bẹ́líìtì kó fún mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ wá fi kúbùsù bò ó lókè bẹ́líìtì. Kóòtù tó wú máa ń jẹ́ kí bẹ́líìtì dà bí ẹni pé ó fún, bẹ́ẹ̀ kò fún.

Màmá àti bàbá tó dàgbà, òtútù lè wọ̀ wọ́n lára nínú ilé tí ẹ̀yin rò pé ó móoru, wọ́n sì lè má sọ. Ẹ máa fọwọ́ kan ọwọ́ wọn. Bí aládùúgbò yín bá jẹ́ àgbà tó ń dá gbé, ẹ pè é lórí fóònù lóòjọ́. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

## Lẹ́yìn tí ìjì bá ti lọ

- Ẹ ro ẹnu ilẹ̀kùn àti ọ̀nà àbájáde mìíràn, páìpù èéfín ara ògiri, àti ibi tí panápaná ti ń fa omi lẹ́bàá ilé yín.
- Ẹ wo òkè kí ẹ tó dúró lábẹ́ òrùlé. Yìnyín tó rọ̀ bí ọ̀kọ̀ máa ń já wálẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yọ.
- Ọmọ ò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò sínú òjò dídì tí ọkọ̀ kó jọ sẹ́bàá títì. Ó lè wó lé e, awakọ̀ ò sì ní rí i.
- Mọ́tò tí òjò dídì bò: ẹ ro ẹnu sálẹ́ńsà ṣáájú gíláàsì, kí ẹ tó tan án. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jókòó sínú rẹ̀ kó máa yáná nígbà tí ẹ̀ ń ro ìta.
- Ẹran, ẹja, wàrà àti oúnjẹ sísè tó ti ju wákàtí 4 lọ nínú fíríìjì tí kò níná, ẹ dà á nù. Ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Èyí tó wà nínú fírísà tó ṣì ní yìnyín lára, ẹ lè dá a padà.
- Bátìrì, omi àti oúnjẹ agolo tí ẹ lò, ẹ rọ́pò wọn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.